Ẹni Tí Kì Í Tọrọ Àṣẹ

Kọ́kọ́rọ́ náà wọlé dé ìdajì, ó há. Muslimat fà á yọ, ó wò ó, kó tó wá wo àgádágodo. Tuntun ni.

Àárọ̀ ọjọ́ náà ló parí opó ṣíṣe, oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá gẹ́lẹ́. Ẹ̀sìn kò gbà kí àwọn ẹbí ọkọ rẹ̀ lé e ṣáájú. Wọ́n ní sùúrù, wọ́n ń ka ọjọ́. Kó tó lọ wẹ̀, kó pààrọ̀ aṣọ nílé àbúrò rẹ̀ ní Ògùnpa, kó sì padà dé, wọ́n ti ti yàrá tí òun àti olóògbé ọkọ rẹ̀, Àfáà Misbaudeen, gbé fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n.

Ó bá Sàídì, àbúrò ọkọ rẹ̀, nídìí fìlà tó ń tà l'Ọ́jà'ba.

"Ìyàwó wa, o mà ti ń dán! Ọkọ tuntun ò ní pẹ́ yọjú."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣí yàrá."

"Ṣé èmi ni mo láṣẹ ni? Bùrọ̀dá Àkíbù ló ní kí n tì í."

Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Àkíbù, ẹ̀gbọ́n Sàídì, ìyẹn kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Wọ́n rán mi ni. Mọ́gàjí ni kó o lọ bá."

Bó ṣe ń gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Mápó nínú oòrùn, ọ̀rọ̀ tí Àfáà máa ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ sọ sí i lọ́kàn. "Bí olúkúlùkù bá ń dúró de àṣẹ ẹlòmíràn, tí ìyẹn náà ń dúró de ẹlòmíràn, láìlópin, ṣé nǹkan kan lè ṣẹlẹ̀? Ayé sì rèé. Ẹnì kan wà tí kì í tọrọ àṣẹ." Ẹ̀yìn aṣọ ìkélé ló ti máa ń gbọ́ ọ, kò sì yé e rí. Ó wá ń yé e. Ara rẹ̀ yá díẹ̀: ẹni tó lè tìlẹ̀kùn láìbéèrè lè ṣí i láìbéèrè.

Mọ́gàjí, olórí agbo ilé wọn, ní kí wọ́n fún un lómi. Ó fi pẹ̀lẹ́tù gbọ́ ọ tán.

"Muslimat, o ò ṣẹ̀ wá. Ṣùgbọ́n Misbaudeen kò bímọ, àwọn tó bímọ sì ń sùn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀."

"Bàbá, ta ló kù tí mo lè lọ bẹ̀?"

"Kò sí."

Ó yí rédíò rẹ̀ sókè.

Muslimat jókòó sórí àtẹ̀gùn ìta. Àlàyé Àfáà kò ní àléébù kankan. Ibi pé Ẹni náà wà ló máa ń parí rẹ̀ sí; àwọn ọ̀dọ́ á gbé Ọlọ́run ga, wọ́n á lọ jẹun. Kò sẹ́ni tó bèèrè rí pé, béèyàn bá dé ọ̀dọ̀ Rẹ̀, tó sì gbọ́ èsì, níbo ló kù tí a ń gbé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn lọ.

Láti ọdún tó ti wọlé ọkọ ló ti ń tọrọ ọmọ. Ó máa ń rò pé àdúrà náà ṣì wà lójú ọ̀nà.

Ó ti dé tipẹ́. Èsì rẹ̀ ni: rárá.