Àwo Olúwa

Ìgbájú kìíní ti dún kí Abẹ́rẹ́ tó mọ̀ pé ọ̀gá òun ti wọ ilé ìdáná. Èkejì gbé e lu kọ́bọ́ọ̀dù, àwọn ife orí rẹ̀ sì ń gbọ̀n bí ẹni òtútù mú.

"Àwo Olúwa dà?"

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, mo—"

"Mo ní àwo Olúwa dà? Àbí inú ikùn rẹ ló wà?"

Gbogbo ìjọ ló mọ̀ nípa àwo yìí. Obìnrin tó ni ilé náà, tí tọmọdé tàgbà ń pè ní Ìyá Ìjọ, ló dá àṣà rẹ̀ sílẹ̀. Ní ọjọ́ Kérésìmesì, bí wọ́n bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, á fi àga kan sílẹ̀ lófìfo nídìí tábìlì, á gbé àwo tánganran funfun kan síwájú rẹ̀, á bu ìrẹsì sí i, á wá yan itan adìẹ tó sanra jù lọ lé e lórí. Lẹ́yìn náà ni yóò gbé ọwọ́ méjèèjì sókè níwájú àlejò.

"Àwo Olúwa nìyí o. Ẹnikẹ́ni tó bá kan ilẹ̀kùn wa lónìí, Jésù ni!"

Àwọn àlejò á ṣe àmín, omijé á sì bọ́ lójú ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n ajá méjì ló ń ṣọ́ géètì ilé náà, ta ni yóò wá kan ilẹ̀kùn? Tó bá di ìrọ̀lẹ́, wọn a da oúnjẹ Olúwa fún àwọn ajá.

Abẹ́rẹ́ ni ọmọ ọ̀dọ̀ wọn. Tínínrín ló rí, ó sì fẹ́ràn aṣọ rírán ju oorun lọ, ni àwọn ọmọ ilé fi sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀. Kò sí àkísà tó bọ́ sí i lọ́wọ́ tí kò ní fi ṣe nǹkan. Aránṣọ tó ń rán aṣọ fún Ìyá Ìjọ tilẹ̀ ti di ìka rẹ̀ mú lọ́jọ́ kan, ó yí wọn wò síwá sẹ́yìn, ó ní, "Irú ìka yìí, ẹ wá ń fi í fọ ìkòkò? Ẹ yọ̀ǹda rẹ̀ fún mi." Ìyá Ìjọ gbà pé bí ọdún bá ti parí, kó máa lọ kọ́ṣẹ́, bí kò bá sáà ti dójú ti òun kí ọdún tó tán. Láti ìgbà náà ni Abẹ́rẹ́ ti ń rìn nínú ilé náà bí ẹni tó ru ẹyin. Ohun kan ṣoṣo tó ń fẹ́ láyé nìyẹn. Aránṣọ náà sì wà lára àwọn tó jókòó nídìí tábìlì lọ́jọ́ tí mo ń wí yìí.

Nítorí àlejò, wọ́n ti so àwọn ajá mọ́ ẹ̀yìnkùlé. Bí opó awakọ̀ ṣe ráyè wọlé nìyẹn. Ọkọ rẹ̀ ló ń wa Ìyá Ìjọ kiri kí ó tó kú sídìí ọkọ̀ wọn. Ilẹ̀ sàréè ọkùnrin náà kò tíì gbẹ tí wọ́n fi kó ẹrù obìnrin náà jáde nínú yàrá ẹ̀yìn, wọ́n ní awakọ̀ tuntun ń bọ̀. Ó pọn ọmọ, ó kan ilẹ̀kùn ilé ìdáná.

"Abẹ́rẹ́, ọmọ mi, ṣé ẹ ò ní èépá ìdí ìkòkò? Èyí tí ẹ fẹ́ dànù náà ni mo ní."

Abẹ́rẹ́ wo ojú ọmọ tó wà lẹ́yìn opó náà. Etí rẹ̀ méjèèjì ló fi gbọ́ àdúrà tí ọ̀gá rẹ̀ gbà lórí àwo náà lọ́jọ́ yẹn, kò sì sẹ́ni tó sọ fún un rí pé àdúrà ẹlòmíràn, orí ètè ló ń gbé. Nígbà tí àwọn àlejò jáde lọ ya fọ́tò, ó gbé àwo náà, ó gbé e fún ẹni tó kan ilẹ̀kùn.

Orí àtẹ̀gùn ẹ̀yìn ni opó náà ti ń já ẹran sọ́mọ lẹ́nu nígbà tó gbọ́ ìgbájú. Ẹni tí kò ní ojú àánú ì bá ti sá lọ. Òun ṣí ilẹ̀kùn, ó wọlé pẹ̀lú àwo lọ́wọ́.

"Mọ́mì, èmi ni mo jẹ ẹ́. Ẹ má lù ú mọ́, ẹ forí jì í."

Ìyá Ìjọ wò ó láti òkè délẹ̀. "Ìwọ! O pa ọkọ tán, o tún wá pa ọdún mi!"

Ó já àwo gbà, ó sì là á mọ́ ọn níwájú orí. Tánganran fọ́ yángá. Ẹ̀jẹ̀ ṣàn gba imú obìnrin náà, ó kán sórí ìrẹsì tó dà sílẹ̀. Ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ figbe ta. Ìyá Ìjọ fi orúnkún gbá a níkùn, ó fà á ní kọ́là, ó sì tì í sẹ́yìn títí tó fi ṣubú sórí àtẹ̀gùn, tí ọ̀já tú, tí ẹsẹ̀ ọmọ sì há sí ẹnu ọ̀nà. Ìyá Ìjọ di ilẹ̀kùn onírin mú.

"Ẹsẹ̀ ọmọ, Mọ́mì!" Abẹ́rẹ́ na ọwọ́ ọ̀tún, ó fi dá ilẹ̀kùn dúró.

"Gbé ọwọ́ kúrò."

"Ẹsẹ̀ ọmọ náà—"

Ilẹ̀kùn pa dé mọ́ ìka rẹ̀. Ìró rẹ̀ dà bí ìgbà tí wọ́n bá ṣẹ́ igi gbígbẹ. Opó náà ti fa ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn, kò sí ohun tó kù lẹ́nu ọ̀nà bí kò ṣe ọwọ́ ọmọdébìnrin náà. Ìyá Ìjọ ṣí ilẹ̀kùn, ó wo ọwọ́ náà dáadáa, ó sì tún gbá a dé. A lè pe ti àkọ́kọ́ ní ìbínú. Ojú rẹ̀ rí i kó tó ṣe èkejì.

Igbe tí Abẹ́rẹ́ ké wọ yàrá ìjẹun, níbi tí àwọn àlejò ti padà jókòó sídìí oúnjẹ. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà kún ìdí tábìlì bámúbámú lọ́jọ́ yẹn.

"Ìyá Ìjọ ń lé Sátánì jáde ní ilé ìdáná," ni ọ̀gá akọrin wí, wọ́n sì rẹ́rìn-ín. Ọkọ Ìyá Ìjọ na ọwọ́ sí rédíò, ó gbé orin Kérésìmesì sókè sí i. Aránṣọ mọ ohùn náà. Fọ́ọ̀kì rẹ̀ dúró lójú ọ̀nà ẹnu. Ó wo àwọn tó kù, ó rí i pé wọ́n ń jẹun.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi mú iyọ̀," ló wí.

Nígbà tí Ìyá Ìjọ padà wọlé, ó ti fọ ọwọ́, ó sì ti tún gèlè rẹ̀ wé. "Ẹ má bínú o, ẹ̀yin èèyàn mi. Olè ló fẹ́ ba ọdún jẹ́. Ẹ jẹ́ ká dúpẹ́."

Àkísà ni wọ́n fi di ọwọ́ Abẹ́rẹ́. Ìgbà tí ọwọ́ náà wú tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rùn ni wọ́n tó gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ìka méjì ni dókítà gé. Ó ní àwọn tó kù kò ní lè ká mọ́, àti pé wọn ì bá ti tètè gbé e wá.

Wọ́n ránṣẹ́ pe bàbá Abẹ́rẹ́. Àgbẹ̀ ni, pẹ̀lú ekuru ọ̀nà lẹ́sẹ̀ ló wọlé. Lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn ni Ìyá Ìjọ ti pàdé rẹ̀, tó sọ tẹnu rẹ̀ fún un: Abẹ́rẹ́ kó oúnjẹ ilé jáde fún alágbe, bó ti ń sá ni ilẹ̀kùn pa dé mọ́ ọn lọ́wọ́. Bàbá náà gbọ́, ojú tì í. Nígbà tí wọ́n dé ìdí ibùsùn, kò tíì wo ọwọ́ ọmọ rẹ̀ tó fi kúnlẹ̀ síwájú obìnrin náà.

"Ẹ ṣeun, Mà. Ẹlòmíràn ì bá ti fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́."

"Ẹ dìde, Bàbá. Ọdún la wà yìí. Mo ti dárí jì í pátápátá."

Aránṣọ wà níbẹ̀. Ọsàn ló mú wá kí aláìsàn, ó sì ń bó o. Abẹ́rẹ́ kọjú sí i.

"Mà, ẹ wà níbẹ̀. Ẹ bá mi sọ fún bàbá mi."

Ọ̀bẹ dúró lára ọsàn. Aránṣọ wo Ìyá Ìjọ, oníbàárà rẹ̀ àtayébáyé.

"Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi," ló wí. "Ara rẹ á yá." Ó sì ń bó ọsàn rẹ̀ lọ.

Abẹ́rẹ́ fi ọwọ́ òsì fa èjìká bàbá rẹ̀. "Bàbá mi, ẹ dìde nílẹ̀. Mi ò jalè."

Bàbá náà gbá ọwọ́ náà dànù. "Pa ẹnu mọ́!" ló wí láti orí ìkúnlẹ̀. "Jẹ́ kí n dúpẹ́ tán."