Pátákó Tí Mo Fi Ọwọ́ Ara Mi Gbé Kọ́

Èmi ni mo gbé pátákó náà wá, èmi ni mo kàn án mọ́ ògiri, èmi náà ni mo kọ ọ́ gàdàgbà sókè rẹ̀ pé: ÌBÉÈRÈ MÉLÒÓ LO DÁHÙN LỌ́SẸ̀ YÌÍ? Bí ẹnikẹ́ni bá ń wá ẹni tó dá wàhálà sílẹ̀ nínú yàrá wa, kó má wulẹ̀ rìn jìnnà.

Iṣẹ́ wa ò ṣòroó ṣàlàyé. Yunifásítì wa ní àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí kì í wá sí ọgbà. Orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń kẹ́kọ̀ọ́ láti ilé wọn. Bí kíláàsì bá kọ̀ tí kò ṣí, bí fídíò bá ń fọhùn tí kò sí àwòrán, àwa ni wọ́n ń kọ̀wé sí. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi jẹ́ mẹ́ta, èmi olórí wọn ṣìkẹrin, nínú yàrá kan lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí fèrèsé rẹ̀ ò ṣeé ṣí, tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ibẹ̀ sì ń hanrun láti àárọ̀ ṣúlẹ̀.

Ọ̀kan nínú wọn tí a ń pè ní Ìjì ni akọni orí pátákó. Bí ọkùnrin náà bá ti fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà, ẹ kàn máa gbọ́ pàkàpàkà ni. Lọ́sẹ̀ kan péré, ó dáhùn igba ìbéèrè ó lé méjìlá. Bàbá Gíláàsì, tó dàgbà jù wá lọ, dáhùn méjìdínlọ́gọ́rùn-ún. Jẹ́jẹ́ wá ńkọ́? Mọ́kàndínlógún! Obìnrin tí ń sọ̀rọ̀ bíi pé wọ́n ń wọn ọ̀rọ̀ fún un.

Ní Ọjọ́bọ̀, ọ̀gá àgbà wọlé, ó káwọ́ sẹ́yìn níwájú pátákó.

"Yàrá fáìlì ń fẹ́ ènìyàn kan. Ta lẹ lè yọ̀ǹda?"

Ó wo pátákó. Èmi náà wò ó. Ẹnu mi, tó máa ń yá ju ọpọlọ mi lọ, ti dáhùn: "Jẹ́jẹ́ ni, sà."

Ó ní kí n kọ lẹ́tà, kí n fi nọ́mbà pátákó sí i. Mo kọ ọ́, mo fọwọ́ sí i. Tó bá di aago mẹ́wàá àárọ̀ Ajé, Jẹ́jẹ́ máa kó ẹrù rẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ ilé, kó lọ máa gbọn eruku lára bébà ogún ọdún. Nígbà tí mo sọ fún un, kò sunkún, kò sì janpata. Ó kàn ní, "Mo gbọ́, mà. Ta ló máa wá máa ṣe iṣẹ́ mi?"

Mo ní, "Iṣẹ́ wo?"

Ẹ gbọ́ ìbéèrè ọ̀hún! Olórí ń bi ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ pé iṣẹ́ wo ló ń ṣe.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wá sílé mi. Agbẹ̀bí ni, ó ti gbẹ̀bí fún ọdún mẹ́tàlélógún kó tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa pé òun náà fẹ́ gba dìgírì. Kò tíì jókòó tó ti na fóònù rẹ̀ sí mi nímú.

"Ìwọ, ṣé ìwọ lolórí àwọn aláìmọ̀ọ́ṣe yẹn?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ káàsán o."

"Má kí mi! Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo kọ̀wé sí yín lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mi ò rí ibi tí mo máa tẹ̀ kí iṣẹ́ àṣetiléwá mi lè lọ. Wo èsì tí wọ́n fún mi."

Mo kà á. Àkọ́kọ́: Ẹ pa fóònù yín, kí ẹ tún un tàn. Èkejì: Ẹ pa fóònù yín, kí ẹ tún un tàn. Ẹ̀yin náà ti mọ ẹ̀kẹta àti ẹ̀kẹrin.

"Mo pa á, mo tàn án, àbúrò mi. Ó ku kí n jù ú sí kànga."

Mo wo orúkọ tó wà nísàlẹ̀ wọn. Ìjì ló fọwọ́ sí èsì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ìyẹn ni pé mẹ́rin nínú igba ó lé méjìlá rẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi ni, lórí ìṣòro kan ṣoṣo tí kò tíì yanjú!

"Ṣé gbogbo kíláàsì yín ló ń ṣe báyìí?"

"Rárá o. Ti màmá tó ń kọ́ wa ní ìtọ́jú aláboyún ń lọ geere. Mi ò kọ̀wé sí yín rí nítorí tiwọn."

Nígbà tó fi máa di aago méje àbọ̀ àárọ̀ Ajé, mo ti dé ibi iṣẹ́. Jẹ́jẹ́ ti wà níbẹ̀ ṣáájú mi, kò sì tíì di ẹrù kankan. Ó di fóònù kékeré kan tí ojú rẹ̀ ti fọ́ mú, ó ń tẹ̀ ẹ́, ó sì ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ lórí fóònù mìíràn.

"Màmá, ẹ bá mi gbé bọ́tìnì yẹn sókè díẹ̀. Lórí fóònù kékeré, àwòrán ti bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ ṣeun, mà. Ó ti hàn."

Ó rí mi. "Ẹ káàárọ̀, mà. Mo fẹ́ parí ti ọ̀sẹ̀ yìí kí n tó sọ̀ kalẹ̀ lọ."

"Kí lò ń parí?"

"Kíláàsì mọ́kànlá ni mo mú nínú mẹ́tàlélógún tí a ní. Láràárọ̀ Ajé, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó dé, mo máa ń ṣe bí akẹ́kọ̀ọ́. Màá wọlé, màá wo fídíò, màá fi iṣẹ́ ránṣẹ́. Ibi tí mo bá há sí, màá pe olùkọ́ pé kó tún un ṣe."

"Ta ló ní kí o máa ṣe bẹ́ẹ̀?"

"Kò sẹ́ni tó ní kí n má ṣe é."

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

Ó wo pátákó, ó wò mí. "Ibo ni ǹ bá kọ ọ́ sí, mà?"

Mo jókòó sí kọ̀ǹpútà mi, mo ṣa gbogbo ìbéèrè ọ̀sẹ̀ náà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Láti kíláàsì mọ́kànlá ti Jẹ́jẹ́, mẹ́tàdínlógún ló wá. Láti méjìlá tó kù, ọ̀ọ́dúnrún ó lé méjìlá. Mo tẹ̀ ẹ́ jáde, mo gba ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà lọ. Akọ̀wé rẹ̀ ní ó ń múra ìpàdé. Mo ní èmi gan-an ni ìpàdé ọ̀hún, mo sì wọlé.

Lẹ́tà mi wà níwájú rẹ̀, ó ti mú bírò dání.

"Sà, ẹ má fọwọ́ sí i. Ohun tí mo kọ síbẹ̀ ò rí bẹ́ẹ̀."

"Ṣé nọ́mbà yẹn kì í ṣe òótọ́ ni?"

"Òótọ́ ni, sà. Èmi tí mo kà á ni mi ò mọ̀ ọ́n kà. À ń pàtẹ́wọ́ fún ẹni tó dáhùn ìbéèrè kan ní ẹ̀ẹ̀mẹrin, a sì ń lé ẹni tí kò jẹ́ kí wọ́n ní ohun tí wọ́n máa béèrè."

Ó wo bébà mi, ó bọ́ gíláàsì, ó nù ún, ó tún wò ó.

"Yàrá fáìlì ṣì ń fẹ́ ènìyàn."

"Ẹ mú èmi, sà. Èmi ni mo gbé pátákó kọ́."

Ó wò mí títí, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin? Kí ni àwọn fáìlì ṣẹ̀ yín?" Ó ya lẹ́tà náà sí méjì. "Màá wá ènìyàn níbòmíràn. Àmọ́ ẹ máa kọ lẹ́tà tuntun, kí ẹ sọ níbẹ̀ pé ẹ̀yin lẹ ṣì í kà. Kí ẹ sì kà á sétí àwọn ọmọ iṣẹ́ yín."

Mo kà á fún wọn lórí ìdúró. Bàbá Gíláàsì ń wúkọ́ tí kò ṣe é. Ìjì fa ojú ro.

"Ṣé ẹ wá ń sọ pé mi ò ṣiṣẹ́ ni, mà?"

"O ṣiṣẹ́. O ṣiṣẹ́ títí ẹ̀gbọ́n mi fi fẹ́ ju fóònù sínú kànga."

Jẹ́jẹ́ rẹ́rìn-ín débi pé ó ń fi ọwọ́ gbá tábìlì. Mi ò mọ̀ pé ó ní irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ nínú.

Mo ní, "Láti òní lọ, a máa pín kíláàsì méjìlá tó kù láàárín wa. Jẹ́jẹ́ ló máa kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń ṣe é."

"Ó dáa, mà," Jẹ́jẹ́ ní, ó sì fa àga jáde. "Ẹ̀yin la máa fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ jókòó."

Kíláàsì tí ẹ̀gbọ́n mi ń pariwo lé lórí ni ó kọ́kọ́ ní kí n ṣí. Mo wá bọ́tìnì lókè, mo wá a nísàlẹ̀, òógùn bò mí. Mo ti tẹ nọ́mbà olùkọ́ ọ̀hún, èébú sì ti tò sí mi lẹ́nu, nígbà tí Jẹ́jẹ́ rọra gba fóònù lọ́wọ́ mi.

"Ẹ jẹ́ kí n bá wọn sọ ọ́, mà. Ẹ máa lọ sí kíláàsì kejì."

Mo sì lọ sí kíláàsì kejì. Ìyẹn ò tilẹ̀ ṣí.