Aya Àlùmọ́gàjí Lórí Àga Dókítà Eyín

Ẹ sún mọ́bí, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì ní eyín lẹ́nu àti ẹ̀yin tí tiyín ti yọ tán. Ìtàn tí mo gbé wá ò gùn, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ wà nínú rẹ̀, òwú wà nínú rẹ̀, ọkùnrin kan tó ń sá fún àga dókítà eyín sì wà nínú rẹ̀.

Télọ̀ ni ọkùnrin náà. Àlùmọ́gàjí ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí kì í fi àlùmọ́gàjí gé òwú. Eyín iwájú kan lókè ló fi ń gé e. Bó bá ránṣọ dópin, á tẹrí ba bí ewúrẹ́ tó rí koríko tútù, ẹ ó gbọ́ "ká!", òwú ti já. Bí oníbàárà bá ní, "Télọ̀, ẹ ò ní sísọ́ọ̀sì ni?" á ní, "Èyí tí Ọlọ́run fún mi ò nílò pípọ́n."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó gbé omi tútù mu, eyín náà sì ta á débi pé ó tú omi sórí aṣọ tó ń rán. Ìyàwó rẹ̀, tó ń rán bọ́tìnnì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, gbójú sókè.

"Kí ló dé?"

"Omi ló tutù jù."

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń jẹ yìnyín bí ẹ̀pà?"

Àlùmọ́gàjí ti fi ahọ́n kan eyín náà, ó mọ̀ pé ó ti sán. Kò bẹ̀rù abẹ́rẹ́ dókítà. Ta ló ń há abẹ́rẹ́ sẹ́nu bíi tirẹ̀? Ohun tó bà á lẹ́rù ni pé bí wọ́n bá yọ eyín yẹn, ta ni yóò kù tí yóò máa jẹ́ Àlùmọ́gàjí? Ló bá fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́. Ó fi kànáfùrù há a, ó fi omi iyọ̀ fọ ẹnu, ó ń gbé oògùn ìrora mì. Ṣùgbọ́n ohun tó ń dun ni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Bó bá ń wọn ìbàdí oníbàárà, á ṣàdédé bi í pé, "Eyín yín ńkọ́? Ṣé wọ́n wà dáadáa?"

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ìrora náà dákẹ́ pátá. Àlùmọ́gàjí mu omi tútù, kò ta á. Ó jó yí ẹ̀rọ ìránṣọ ká. Ẹ̀yin èèyàn mi, olè tó dákẹ́ nínú yàrá, ṣé ó ti lọ ni? Kò pẹ́ tí ètè òkè fi wú, ẹ̀rẹ̀kẹ́ wú tẹ̀lé e, ara rẹ̀ sì gbóná.

"Ẹ wọ bàtà," ni ìyàwó wí. "Ọ̀dọ̀ dókítà eyín là ń lọ."

"Ẹ̀fọn ló jẹ mí."

"Ẹ̀fọn náà á tó màlúù."

Nígbà tí wọ́n débẹ̀, nọ́ọ̀sì béèrè ẹni tí eyín ń dùn. Àlùmọ́gàjí fi áńkáṣíìfù bo ojú. "Ìyàwó mi ni," ló wí.

Ìyàwó wò ó títí. Ó wọlé, ó gun àga, ó yanu. Ọkọ rẹ̀ lọ sá pamọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn.

Dókítà, ọmọbìnrin kan tí ẹ̀rín kì í tètè bọ́ lẹ́nu rẹ̀, tan iná. "Màmá, èwo ló ń dùn yín?"

"Ti iwájú, lókè. Omi tútù ló kọ́kọ́ ń ta á. Nígbà tó yá, bí mo bá fi gé òwú, á dà bíi pé mànàmáná kọ nínú orí mi. Ó wá dákẹ́, mo jó."

"Ẹ jó?"

"Mo jó, dókítà. Ìgbà tí mo jó tán ni mo wú."

Dókítà wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ lápá ọ̀tún, ó wò ó lápá òsì. "Màmá, ẹ ò wú níbì kankan. Eyín yín ò sì ní àléébù."

"Mo mọ̀. Ẹnu ọkùnrin tó wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn yẹn ni èyí tó ń dùn mí wà."

Nọ́ọ̀sì sáré jáde lọ rẹ́rìn-ín. Dókítà ò rẹ́rìn-ín.

"Bàbá, ẹ bọ́ síbí. Ṣé ẹ lè gbé itọ́ mì? Ṣé ẹ̀ ń mí dáadáa?"

Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Ọlọ́run ṣeun. Bí ọ̀kan nínú méjèèjì bá ṣòro ni, ilé ìwòsàn ńlá ni à bá sáré gbé yín lọ. Ìrora yẹn ò lọ, Bàbá. Iṣan inú eyín ló kú, ọyún ló ń kó jọ sí ìdí rẹ̀. Eyín tó sán, eyín tí ṣúgà gbẹ́ ihò sí, erìgì tó ń ṣẹ̀jẹ̀, ìrora ni gbogbo wọn máa ń rán wá pè wá. Bó bá ju ọjọ́ méjì lọ, ká jẹ́ ìpè náà. Bí ojú bá wú, tí ara gbóná, ká má fi sùn rárá."

"Ṣé ẹ máa yọ ọ́?" Ohùn rẹ̀ ti di ti ọmọdé.

"Ká ní ẹ wá nígbà tí omi kọ́kọ́ ta yín ni, ǹ bá kàn dí i. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ní báyìí, màá ṣí i kí ọyún jáde, ẹ máa lo oògùn, ẹ máa padà wá kí n fọ gbòǹgbò rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kó dúró. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá tún fi gé òwú kan péré, ẹ máa gbé òun àti òwú mì pọ̀."

Àlùmọ́gàjí wo ìyàwó rẹ̀.

"Orúkọ mi ńkọ́?"

"Orúkọ yẹn ò bá yín jẹun rí," ni ìyàwó wí, ó sì dìde kúrò lórí àga fún un.

Ó jókòó. Ó yanu débi pé dókítà ní, "Bàbá, eyín kan ni mo fẹ́ rí o, kì í ṣe oúnjẹ àárọ̀ yín."

Eyín dúró, orúkọ lọ. Télọ̀ lásán ni wọ́n ń pè é báyìí, ó sì ń jẹ́ ẹ.

Àbúrò ìyá mi ni ìyàwó náà. Òun ló sọ ìtàn yìí fún mi níbi tó ti ń wọn apá mi fún ẹ̀wù, tí ọkọ rẹ̀ jókòó tì wá, tó ń búra pé irọ́ ni.