Oògùn Sọ́ńdè

Ẹ jẹ́ kí n ti sọ ọ́ fún yín ṣáájú: ìbínú mi kì í pẹ́ dé, kì í sì í pẹ́ lọ. Bí mo bá ń sọ ọ̀rọ̀ àbúrò mi yìí tí ohùn mi ń lọ sókè, ẹ má dá mi lóhùn, ẹ ṣáà máa gbọ́. Ọ̀rọ̀ tí ìbéèrè kan ṣoṣo ìbá ti yanjú ni, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ẹ̀mí èèyàn.

Àbúrò kan ṣoṣo tí mo ní nìyẹn. Múrítàlá ni bàbá wa sọ ọ́ lọ́jọ́ tí a kó o jáde. Nígbà tó wọ ilé ìwé àwọn Kátólíìkì nílùú Ọ̀wọ̀ níbí, wọ́n ṣe ìrìbọmi fún un, ó di Ignatius. Bàbá wa ti kú nígbà náà. Ìyá wa kò bá ẹnikẹ́ni jà. Gbogbo Ọ̀wọ̀ ń pe ọmọ rẹ̀ ní Ignatius, òun ń pè é ní Múrítàlá lọ ní tiẹ̀. Èmi Rùkáyàt di ìrun mi mú, mo sì ń ránṣọ jẹun nítòsí ọjà.

Ìjọba rán an lọ sílùú òyìnbó pé kó lọ kọ́ ìmọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀. Ó pẹ́ níbẹ̀. Kókò tí ìyá wa gbìn lọ́dún tí Ignatius lọ ti ń so kí ó tó padà. Ọdún tí Ìwọ̀-Oòrùn gba ìjọba ara rẹ̀ ló dé, òun àti ìyàwó tó fẹ́ lọ́hùn-ún, Margaret, ọmọ Ẹ̀gbá, àti ọmọbìnrin wọn Ìbídàpọ̀ tí wọ́n bí sí Lọ́ńdọ̀nù. Ìyá wa di mọ́ ọn lójúde, kò fi í sílẹ̀. “Àjò kò dùn kí onílé má relé,” ló ń wí ṣáá, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé áyọ́ọ̀nù sórí aṣọ oníbàárà, ó jó o.

Kí wọ́n tó wọ ọkọ̀ ojú omi ni dókítà kan lọ́hùn-ún ti fún wọn ní oògùn ibà, wóró kéékèèké funfun, pé kí olúkúlùkù wọn máa lo ọ̀kọ̀ọ̀kan ní gbogbo ọjọ́ Sọ́ńdè. Àwọn akọ̀wé tó ń lo irú rẹ̀ níbí, oògùn Sọ́ńdè ni wọ́n ń pè é. Margaret ló gba ìgò rẹ̀ sọ́wọ́, kì í sì í ṣe obìnrin tó ń gbàgbé nǹkan.

Ní Sọ́ńdè àkọ́kọ́ tí wọ́n lò nílé, bí wọ́n ti múra ṣọ́ọ̀ṣì tán, Margaret pe ọmọ rẹ̀. “Ya ẹnu.” Ó fi wóró kan lé e láhọ́n. Ignatius ń so táì lọ́wọ́, ọwọ́ rẹ̀ kò ṣófo, ni òun náà bá na ahọ́n síta, ìyàwó rẹ̀ sì fi tirẹ̀ sí i. Wọ́n gbàdúrà díẹ̀, wọ́n ya àmì àgbélébùú, wọ́n jáde.

Ìyá wa jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, tẹ̀sùbáà ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rí gbogbo rẹ̀.

“Kí lohun tí wọ́n jẹ yẹn?” ló bi mí.

“Oògùn Sọ́ńdè ni wọ́n ń pè é, Màmá.” Abẹ́rẹ́ wà lẹ́nu mi, n kò tilẹ̀ gbójú sókè. Èmi náà kò mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

“Oògùn Sọ́ńdè,” ni ìyá wa tún wí.

Ẹ wò ó, ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ nìyí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìgbà tí nǹkan ti bàjẹ́ tán ni mo tó mọ̀. Lọ́jọ́ tí Ignatius kọ́kọ́ jẹ ara Olúwa nígbà tó wà lọ́mọdé, ìyá wa dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń yọjú wò ó. Ó rí i tí ọmọ òun la ẹnu, tó na ahọ́n, tí fadá sì gbé ohun funfun kan lé e. Ó sunkún délé lọ́jọ́ náà. Wàyí o, nínú ilé tirẹ̀, lójú tirẹ̀, ohun funfun náà tún dé, wọ́n sì ti ń fi bọ́ ọmọ ọmọ rẹ̀.

Ìbá bèèrè! Abèèrè kì í ṣìnà. Ṣùgbọ́n ìyá wa kì í béèrè ọ̀rọ̀ tó bá dùn ún, ẹ̀bá rẹ̀ ló máa ń gbà. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ó pe ọmọ rẹ̀ jókòó.

“Múrítàlá, ṣé ilé yìí ti di ilé àlejò fún ọ ni?”

“Rárá o, Màmá.”

“Ohun tí mo fi tọ́ ọ dàgbà, ṣé kò tó ọ mọ́?”

“Ó tó mi, Màmá.”

“Bí o bá jẹ́ ọmọ mi, má jẹ́ kí n rí nǹkan funfun ti Sọ́ńdè yẹn lẹ́nu rẹ mọ́.”

Àbúrò mi rò pé ohun tó dun ìyá wa ni pé òun ń sá fún ẹ̀fọn ilé baba òun, pé òun ń ṣe bí òyìnbó. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. “Ọmọ yín ni mí. N kò ní í lò ó mọ́.” Ìyá wa gbàdúrà fún un títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Ìfẹ́ ló pọ̀ jù lọ́rọ̀ náà, òun ló sì ń bí mi nínú títí di òní. Ẹni méjì fẹ́ràn ara wọn dé ojú ikú, kò sí èyí tó mọ ohun tí ìkejì ń sọ.

Margaret gbọ́, ó fárígá.

“Bàbá Ìbídàpọ̀, ṣé ẹ gbàgbé ohun tí dókítà sọ ni?”

“Ẹ̀fọn Ọ̀wọ̀ mọ̀ mí,” ni Ignatius wí. “Ẹ̀jẹ̀ mi ni wọ́n mu dàgbà.”

“Àwọn tó mọ̀ yín ti kú tipẹ́. Àwọn ọmọ ọmọ wọn ló kù, wọn kò mọ̀ yín rí.”

Mo rẹ́rìn-ín, kí n má purọ́. Ignatius náà rín, ṣùgbọ́n kò lo oògùn. Margaret kò fi ti ara rẹ̀ àti ti ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ ní tirẹ̀, ó kàn ń ti ilẹ̀kùn kí wọ́n tó lò ó ni. Ìyá wa mọ̀. Á jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, á máa fi èdè Ọ̀wọ̀ kùn, ọmọ Ẹ̀gbá á kúnlẹ̀, á ní, “Ẹ ṣeun, Màmá,” nítorí ó rò pé wọ́n ń kí òun ni.

Nígbà tí òjò dé, iṣẹ́ gbé Ignatius lọ sí apá odò Ọ̀sẹ̀. Àrùn ń pa kókò, ìjọba ní kó lọ wo oko káàkiri. Ó sun Ìdógùn, ó sun Àfọ̀, ó sun abà àwọn àgbẹ̀ lẹ́yìn Ẹlẹ́gbẹ́ka. Margaret di àwọ̀n ẹ̀fọn sínú àpótí rẹ̀, inú àpótí náà ni Ignatius sì fi í sí, kí wọ́n má baà pe òun ní òyìnbó dúdú.

Láníyì tó ń wa lọ́rì kókò ló gbé e padà wá fún wa. Orí àpò kókò ló tẹ́ ẹ sí, ó fi tapólì bò ó, síbẹ̀ gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n.

“Ibà lásán ni,” ni ìyá wa wí. “Ìgbà wo ni n kò fi àgbo wo ibà rẹ̀ sàn rí?” Ó já ewé orúwo, ó sè é, ó bù ú fún un. Òótọ́ ló sọ, mo rántí ọ̀pọ̀ ìgbà tí ibà mú ọmọ yìí ní kékeré, tó mu àgbo, tó sì dìde. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, bó ti mu ún ló ń bì í. Margaret ní ká gbé e lọ sí ọsibítù, ìyá wa ní kí a jẹ́ kí àgbo ṣiṣẹ́ ná.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ojú rẹ̀ ti pọ́n bí epo. Ó di ìyá wa lọ́wọ́ mú, ó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì sí i.

“Kí ló ń wí?” ni ìyá wa bi Margaret.

“Ó ń béèrè ibi tí rélùwéè ti ń gbéra, Màmá.”

“Rélùwéè? Ní Ọ̀wọ̀ yìí?”

Ìgbà náà ni ẹ̀rù bà á. Àbúrò mi wo ojú ìyá tó bí i, kò mọ̀ ọ́n. Mo sọ sísọ́ọ̀sì tí mo fi ń gé aṣọ mọ́lẹ̀. Ìyá wa tún na ọwọ́ sí igbá àgbo. “Màmá, ẹ fi í sílẹ̀!” ni mo kígbe, èmi tí n kò gbóhùn sókè sí i rí láyé mi. Mo sáré lọ pe Láníyì, a gbé e.

Dókítà Akínbọ̀wálé ló gbà wá. Ó gbẹ̀jẹ̀ wò, ó fún un lábẹ́rẹ́, ó so omi mọ́ ọn lápá. Ó ní ibà ti wọ̀ ọ́ lórí, òun kò lè ṣèlérí nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí Margaret.

“Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti òkè òkun dé, ṣé wọn kò fún yín ní oògùn tí ẹ ó máa lò ni?”

“Wọ́n fún wa, dókítà. Ti Sọ́ńdè. Ó ti jáwọ́ nínú rẹ̀.”

“Kí ló dé?”

Margaret mọ ìdí rẹ̀. Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ni, kò ní í fi ẹnu ara rẹ̀ pe ìyá ọkọ lẹ́jọ́. Ìyá wa ló dáhùn.

“Èmi ni mo ní kó má jẹ ẹ́. Mùsùlùmí ni wá. Ó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tún máa jẹ ohun ṣọ́ọ̀ṣì nínú ilé mi, kí wọ́n máa fi bọ́ ọmọ ọmọ mi, n kò lè gbà á.”

“Ohun ṣọ́ọ̀ṣì kẹ̀?” ni Margaret wí. Ó tú báàgì, ó yọ ìgò jáde. Dókítà gba wóró kan, ó fi í sí àtẹ́lẹwọ́ ìyá wa.

“Màmá, oògùn ibà ni. Ẹni tó bá pẹ́ lókè òkun, ara rẹ̀ á ti gbàgbé ibà. Bó bá padà dé, bíi ti ọmọ tuntun ni ibà ṣe máa ń ki í mọ́lẹ̀. Èyí ni kì í jẹ́ kó ráyè.”

Ìyá wa ń yí i lọ́wọ́. “Kí ló wá dé tó fi jẹ́ Sọ́ńdè?”

“Kí èèyàn má baà gbàgbé ni. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ṣáà ni.”

“Ṣé èèyàn lè lò ó ní Jímọ̀?”

“Ọjọ́ yòówù tó bá wù yín, Màmá.”

Ìyá wa jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. “Jímọ̀,” ló ń wí. “Jímọ̀ ni ǹ bá ní kó máa lò ó. Jímọ̀ náà ni.” Mo ti ní ọ̀rọ̀ gbígbóná lẹ́nu fún gbogbo wọn, fún òun, fún Ignatius, fún ẹni tó pe oògùn ibà ní orúkọ ọjọ́. Mo wo ìyá mi nílẹ̀ níbẹ̀, mo gbé ọ̀rọ̀ mì. Margaret ló bá a jókòó síbẹ̀, ó gbé orí ìyá wa lé èjìká ara rẹ̀.

Ọlọ́run kò jẹ́ kí Ignatius kú. Ibà náà lọ, ó bọ̀, ó tún lọ, títí ọjọ́ kan tó ṣíjú, tó sì ní ebi ń pa òun. Ẹ̀kọ gbígbóná ló béèrè, èdè Ọ̀wọ̀ ló sì fi béèrè rẹ̀. Mo sá síta lọ sunkún.

Nígbà tó padà sílé, tó sì di Jímọ̀, ìyá wa ti mọ́ṣáláṣí dé, kò tilẹ̀ bọ́ ìborùn. Ó tú etí aṣọ rẹ̀, ó mú wóró funfun kan jáde. Ignatius jókòó lórí ẹní, ó ti rù kan eegun, rósárì rẹ̀ ń bẹ lọ́rùn. A ti ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un.

“Múrítàlá, ya ẹnu.”

Ó ya á.

“Bísímílà,” ni ìyá wa wí.

“Bísímílà,” ni Ignatius wí, ó sì na ahọ́n.

Ìbídàpọ̀ sáré wọlé, ó ti la ẹnu tirẹ̀ sílẹ̀. “Tìrẹ di Sọ́ńdè,” ni ìyá wa sọ fún un, “lọ́wọ́ ìyá rẹ.” Èmi ni mo gbé omi fún àbúrò mi. Ìyá wa gbà á lọ́wọ́ mi, ó sì gbé e sí i lẹ́nu.