Ọmọ Tó Kù ní Etí Òkun

"Bó o bá fẹ́ kí òkun gbé e lọ, sọ ọ́ kí n gbọ́," ni Àǹtí Kararaina wí. Kò gbójú sókè kúrò lára ìyẹ̀fun tó ń pò. "Má kàn máa dá mi lóhùn bí ẹni tí wọ́n ń bi bóyá á jẹ búrẹ́dì."

Rawinia dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Òwúrọ̀ ọjọ́ náà ló ti Ọsirélíà dé sí Whangamarie, ìlú kékeré tí wọ́n bí i sí. Àǹtí Kararaina, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, ló tọ́ ọ dàgbà. Ó ti lé ní ogún ọdún tó ti fẹsẹ̀ tẹ ilé náà gbẹ̀yìn.

"Mi ò ní kí òkun gbé e, Àǹtí. Mo ní kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀ níbi tó ti ń sinmi ni."

"Ìsinmi wo? Ṣó o ti débẹ̀ ni?"

Kò tíì débẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀, kò gbé e dé ibẹ̀.

Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì funfun tí àwọn àlejò ń wá yà ní fọ́tò ni ìtẹ́ òkú ìdílé wọn wà, lórí bèbè òkun. Láti bí ọdún mélòó kan, ìgbì ti ń jẹ ìdí bèbè náà bí eku ṣe ń jẹ iṣu. Ìgbà tí egungun bàbá àgbà kan yọ síta nínú yanrìn ni ẹbí pèpàdé, wọ́n sì fẹnu kò pé kí wọ́n kó àwọn òkú ibẹ̀ lọ sórí òkè, lẹ́bàá gbọ̀ngàn àwọn baba ńlá wọn. Wọ́n ti kó wọn tán. Ó ku ẹyọ kan péré: Manaia, ọmọ Rawinia, tí kò tíì lè dá jókòó nígbà tó kú. Àǹtí ló yarí pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án lẹ́yìn ìyá rẹ̀.

Hohepa, àkọ́bí Àǹtí, gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Ó bọ́ bàtà rọ́bà rẹ̀ sílẹ̀.

"Ará Ọsirélíà! A ti rò pé kangarú ti ta ọ́ nípàá kú!" Ó gbá Rawinia mọ́ra, ó fi imú kan imú rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń kíra wọn nílùú náà. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. "Àbúrò, ìjì ń bọ̀ lọ́la. Bá ò bá ṣe é lónìí, kò ní sí ohun tá a máa gbé mọ́."

"Ẹ̀gbọ́n, mi ò lè wò ó. Lọ́jọ́ tá a sin ín, ẹ̀yin lẹ dì mí mú. Ṣé kí n tún wá rí i lẹ́ẹ̀kejì?"

"Ìwọ rí ibi sá sí," ni Àǹtí gbà á mọ́ ọn lẹ́nu. "Ta ló ń tu koríko orí rẹ̀? Ta ló ń kí i lọ́jọ́ ìbí? Ohùn mi ni ọmọ yẹn mọ̀, kò mọ tìẹ."

Àǹtí alára mọ̀ pé ẹyin ti bọ́ sílẹ̀. Rawinia yíjú padà, ó jáde.

Ó rìn kọjá ṣọ́ọ̀ṣì. Ọgbà onígi ti já, apá kan rẹ̀ ń fì lójú òfuurufú. Ibojì kékeré náà sún mọ́ bèbè débi pé àgbàlagbà ò lè dúró láàárín wọn. Wọ́n fi ìkarahun yí i ká, wọ́n sì gbé ọkọ̀ ìṣeré pupa kan sórí rẹ̀, tuntun ni.

Ọkùnrin àlejò kan fara ti ọgbà, kámẹ́rà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ibí ni egungun ti ń já bọ́?"

"Ọmọ mi ló wà níbẹ̀," ni Rawinia wí.

Ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ méjèèjì yẹn, *ọmọ mi*, ti jáde lẹ́nu rẹ̀ gbẹ̀yìn. Ọkùnrin náà rọ kámẹ́rà rẹ̀ sílẹ̀, ó tọrọ àforíjì, ó bá tirẹ̀ lọ. Bí Rawinia ti ń wò ó lọ, òkìtì erùpẹ̀ kan ya lábẹ́ bèbè, ó ṣubú sómi gbì.

Ó sáré padà sójú ọ̀nà. Hohepa, Àǹtí àti pásítọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì náà ti wà nínú ọkọ̀ lábẹ́ igi, ṣọ́bìrì wà lẹ́yìn wọn, wọ́n ń dúró. Ó juwọ́ sí wọn pé kí wọ́n máa bọ̀.

Pásítọ̀ gbàdúrà, Hohepa sì rọra ń wa ilẹ̀. Àpótí ti jẹrà. Ẹní tuntun tí Àǹtí fúnra rẹ̀ hun ni wọ́n fi wé ohun tó kù, ìyẹn kò sì pọ̀. Àǹtí gbé ohùn arò sókè, ó ń pe òkú kó dìde kó bá àwọn ẹbí rẹ̀ lọ. Hohepa ṣílẹ̀kùn ọkọ̀.

"Rárá, Ẹ̀gbọ́n. Mo fẹ́ gbé e rìn ni."

"Òkè yẹn ga o."

"Mo mọ̀ ọ́n."

Kò wúwo. Àǹtí, tí ẹsẹ̀ ń dùn, kọ̀ láti wọkọ̀, ó ń wọ́ tẹ̀ lé e. Nígbà tí wọ́n dé ìdajì òkè, Rawinia dúró.

"Àǹtí, ẹ bá mi gbé e díẹ̀."

Ìyá àgbà náà wò ó. Omi lé ròrò sójú rẹ̀. Ó na ọwọ́ méjèèjì, ó gbà á.

Wọ́n sin ín kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n wọ́n omi sára lẹ́nu géètì, bí àṣà wọn lẹ́yìn ìsìnkú, wọ́n sì wọ gbọ̀ngàn lọ jẹun. Fóònù Rawinia dún. Graham ni, ọkọ rẹ̀ tó wà ní Ọsirélíà. Ohun tí Rawinia sọ fún un kó tó kúrò nílé ni pé òun fẹ́ lọ sinmi létí òkun.

Ó jáde sábẹ́ òrùlé ìta.

"Ìsinmi ńkọ́, olólùfẹ́?" ni Graham bi í.

"Graham, wá ibì kan jókòó sí," ó wí. "Mo ní ọmọkùnrin kan. Manaia lorúkọ rẹ̀."