Ìdáríjì Tíṣà Láńrewájú Lórí Ọpọ́n Ayò

Ní ọjọ́ Ìsinmi kan nínú Lẹ́ńtì, Tíṣà Jékọ́ọ̀bù Láńrewájú dìde nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ó tún kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ ṣe, ó sì dárí ji ọ̀tá rẹ̀ ní ohùn tí àwọn ará Ìjàgbò ní ìlú kejì ìbá gbọ́ ká ní afẹ́fẹ́ fẹ́ sọ́hùn-ún. Ó ní òun ti forí jin Àjàní télọ̀ pátápátá, òun sì ti gbàgbé gbogbo ohun tó ṣe. Lẹ́yìn náà ló wá ń ka ohun tó ti gbàgbé lọ́kọ̀ọ̀kan.

Tíṣà ló ń tẹ dùùrù ìjọ tẹ́lẹ̀. Ní Sátidé kan tí ẹgbẹ́ akọrin dánrawò tán, ó fi dùùrù náà tẹ orin ijó háíláìfù díẹ̀, kí ìka rẹ̀ lè nà. Àjàní, tó ń kọ tẹ́nọ̀, jó o láàárín àwọn àga títí ẹ̀wù rẹ̀ fi rin gbindin. Bó ṣe nu òógùn tán, ilé àlùfáà ló gbà lọ. Ni wọ́n bá gba kọ́kọ́rọ́ dùùrù lọ́wọ́ Tíṣà, wọ́n fi fún Olúṣèyí akọ̀wé ìjọ, tó ń fi ìka méjì wá orin kiri bí ẹni tí abẹ́rẹ́ bọ́ sọnù lọ́wọ́ rẹ̀.

Kó tó di ìgbà náà, Tíṣà àti Àjàní ni wọ́n jọ máa ń ta ayò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ Tíṣà ní ìrọ̀lẹ́. Èébú ló ń mú ayò wọn dùn. Jímọ̀ alágbẹ̀dẹ, tí ilé rẹ̀ kọjú sí ti Tíṣà, a máa pa giramafóònù rẹ̀ kó lè gbọ́ èébú ọ̀hún. Látìgbà tí ìjà dé, kò tún sí ẹni tí Tíṣà ń bá ta ayò. Àárò ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń sọ ọ́ gan-an. Ìgbéraga ni kò jẹ́ kó sọ ọ́.

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè tó tẹ̀lé e, Àjàní dé síbi ayò.

"Ẹ káàbọ̀, sà," ni Tíṣà wí. "Ẹ jókòó, sà. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ta."

Àjàní bojú wẹ̀yìn, bóyá àgbàlagbà kan ló ń bọ̀. Àtìgbà tí wọ́n ti jọ ń rìn níhòòhò ni wọ́n ti mọra. Kò sẹ́ni tó pe ẹnì kejì ní "ẹ" rí.

Tíṣà jẹ ọmọ ayò. "Ẹ má bínú, sà." Ó tún jẹ. "Ẹ ṣeun, sà." Jímọ̀ pa giramafóònù, ó tẹ́tí, kò gbọ́ èébú kankan, ó tún wáìǹdì rẹ̀ kó lè máa kọrin lọ.

Súsánà, ìyàwó Tíṣà, yọjú láti ibi ìdáná. "Bàbá Ọmọ́ládé, ṣé ẹ ti forí jì wọ́n ni, àbí òkú wọn lẹ ń ṣọ́?"

Àjàní dìde. "Jékọ́ọ̀bù, mò ń lọ. Tí o bá dárí jì mí tán, ránṣẹ́ sí mi kí n wá gbèébú mi."

Tíṣà rí i pé bí Àjàní bá sọ̀kalẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà, kò ní padà wá mọ́. 

"Jókòó, ọ̀pẹ ayò," ló wí. "Òfófó niṣẹ́ ẹ, ayò kọ́. O jó tán, o wá lọ fẹjọ́ ẹni tó tẹ dùùrù fún ọ sùn."

Giramafóònù dákẹ́ lódìkejì.

Àjàní rọra jókòó. "Ká ní o mọ̀ ọ́n tẹ̀ ni, ǹ bá ṣì wà lórí ijó. Níbo ni ǹ bá ti ráyè dé ilé àlùfáà?"

Tíṣà fẹ́ bínú, ẹ̀rín bọ́ mọ́ ọn lẹ́nu. Àjàní kò rẹ́rìn-ín. Ó bu ọmọ ayò sọ́wọ́, kò ta á.

"Mo jẹ̀bi," ló wí, kò gbójú sókè. "Ìlara ìka ẹ ni."

"Mo mọ̀," ni Tíṣà wí. "Ta ayò ẹ, kí n rí nǹkan jẹ."