Agolo Kọfí Eldon

"Verlin Hostetter, lẹ́yìn arábìnrin yìí, ìwọ ló kàn," ni alága ìlú wí, ó sì tún tẹ ojú mọ́ ìwé orúkọ tó wà níwájú rẹ̀.

Verlin mi orí. Ó fọwọ́ kan ìwé tó ká sínú àpò ẹ̀wù rẹ̀. Darlene ìyàwó rẹ̀ ló bá a tẹ̀ ẹ́, ojú ewé kan péré, ó sì ti kà á sétí ajá wọn lẹ́ẹ̀mẹta. Èrò kún gbọ̀ngàn àwọn panápaná dé ẹnu ọ̀nà. Òfin tuntun kan ló kó wọn jọ lọ́sàn-án Ọjọ́rú yìí. Òfin náà ní bí ọkàn èèyàn bá dàrú, tí ẹbí rẹ̀ ń bẹ̀rù pé ó lè gbẹ̀mí ara rẹ̀, kí wọ́n lè bẹ adájọ́ kó gba ìbọn ọwọ́ rẹ̀ fúngbà díẹ̀. Ìlú fẹ́ pinnu bóyá àwọn á tẹ̀ lé e tàbí àwọn ò ní tẹ̀ lé e. Ní Harlan Fork, ìlú kékeré tí ọmọ ti ń mọ ìbọn yìn kó tó mọ ọkọ̀ wà, ṣé mo tún ní láti sọ ibi tí ọ̀pọ̀ dúró sí?

Corinne, ọmọ Eldon Brandt, ló ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Láti ilé ìwé ni Eldon àti Verlin ti ń ṣọ̀rẹ́, ogójì ọdún ni wọ́n sì ti jọ ń pa àgbọ̀nrín.

"Mi ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni," ni ó wí. "Ẹnìkan tí mo fẹ́ràn pàdánù ìyàwó ẹ̀ nígbà tí òtútù ń kásẹ̀ nílẹ̀. Ayé sú u. Ṣùgbọ́n ó gbọ́n, ó yọ irin ìdí àwọn ìbọn ẹ̀, ó kó wọn fún ọ̀rẹ́ ẹ̀ kó bá òun tọ́jú wọn. Ẹ̀yin ọdẹ mọ̀ pé bí irin yẹn ò bá sí níbẹ̀, igi lásán ni ìbọn. Ọ̀rẹ́ yẹn ló jẹ́ kí n máa rí oorun sùn. Ọlọ́run á bù kún un. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo èèyàn ló ní irú ọ̀rẹ́ bẹ́ẹ̀. Nítorí àwọn tí kò ní ni mo ṣe ní ká gba òfin yìí."

Bó ti ń padà lọ jókòó, ó wo Verlin, ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i. Verlin ni ọ̀rẹ́ yẹn. Ṣùgbọ́n irin mẹ́ta náà kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́, òní ló pé ọjọ́ kẹrin.

Oṣù Kẹwàá ni Eldon kó wọn wá sílé Verlin nínú agolo kọfí. Kò wọlé. Ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ló dúró sí, tó ń wo bàtà ara rẹ̀. "Bá mi fi wọ́n pa mọ́, Verlin, títí ara mi á fi balẹ̀." Verlin ní, "Ó dáa," ó gbé agolo náà sórí pẹpẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn agolo ọ̀dà. Wọn ò sọ ọ́ mọ́. Bí àwọn ọkùnrin ibẹ̀ ṣe ń ṣe nìyẹn: wọ́n á bá ẹ la igi, wọ́n á bá ẹ fa ọkọ̀ ẹ yọ nínú yìnyín, ṣùgbọ́n ẹnìkan ò ní bi ẹ́ léèrè pé báwo ni ọkàn ẹ. Ohun tí wọ́n máa ń bi ara wọn ni, "Ṣé wàá lọ sóko ọdẹ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ìgbà ọdẹ?"

Ìbéèrè yẹn náà ló dá wàhálà sílẹ̀. Láàárọ̀ Sátidé tó kọjá, inú gbọ̀ngàn yìí kan náà ni wọ́n wà, wọ́n ń jẹ páńkéèkì tí àwọn panápaná máa ń dín lọ́dọọdún. Eldon ní òun ò ní lọ lọ́dún yìí. Travis tó ń tún ọkọ̀ ṣe gbé fọ́ọ̀kì ẹ̀ sílẹ̀.

"Ẹ̀yin, Eldon? Àbí òfin tuntun ti ń bà yín lẹ́rù ni?"

"Orúnkún mi ni."

"Orúnkún kẹ̀. Ọkùnrin tó bá ti ń sá fún ìbọn, ẹ jẹ́ ká yáa ra yẹ̀rì fún un."

Gbogbo wọn yíjú sí Verlin, nítorí òun ni aláwàdà wọn. Ó yẹ kó dákẹ́. Ẹ̀rù ló bà á, kí wọ́n má baà ní òun náà ti rọ̀.

"Ẹ fi Eldon sílẹ̀ jàre," ló wí. "Ó ti yọ nǹkan ọkùnrin ẹ̀ fún mi kí n bá a tọ́jú. Inú agolo kọfí ló wà nílé mi."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú wọn. Eldon náà rẹ́rìn-ín. Ẹyin lohùn, bó bá ti bọ́, ó ti fọ́ nìyẹn. Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìsìn, Eldon dé ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn, ó ní, "Fún mi ní nǹkan mi." Ẹ̀bẹ̀ wà lórí ahọ́n Verlin, ṣùgbọ́n ojú ń tì í débi pé kò lè wo ẹni tó ṣẹ̀. Ó kàn gbé agolo náà fún un.

"Verlin," alága pè é.

Ó dìde, ó tú ìwé rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà: "A ò nílò kí ìjọba wá kọ́ wa. Ọkùnrin ni wá, a mọ bá a ti ń ṣọ́ ara wa." Wọ́n pàtẹ́wọ́. "Bí ọ̀kan nínú wa bá fẹ́ ṣubú, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló máa dì í mú."

Ó rí i tí Corinne, tí èrò tiẹ̀ yàtọ̀, ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni sí gbólóhùn yẹn.

"Mi ò lè ka èyí tó kù," ló wí. "Irọ́ ni mo ń pa."

Ó ká ìwé náà, ó gba àárín èrò jáde. Ìdí ọkọ̀ rẹ̀ ni Corinne ti bá a.

"Ańkù Verlin, ṣé kò sí nǹkan?"

"Corinne, irin bàbá ẹ kò sí lọ́dọ̀ mi. Ó wá gbà á lọ́jọ́ Sunday. Èmi ni mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́ níwájú èèyàn."

Corinne wò ó. "Ẹ sì jókòó níbẹ̀ tí mò ń dúpẹ́ lọ́wọ́ yín."

"Mo jókòó."

Corinne pe bàbá rẹ̀ lórí fóònù. Ó dún, ó dún, kò sẹ́ni tó gbé e. Wọ́n kó sínú ọkọ̀ méjì, wọ́n sáré.

Ní àgbàlá Eldon, Verlin bẹ Corinne pé kó jẹ́ kí òun kọ́kọ́ wọlé. Ìbọn tirẹ̀ wà lẹ́yìn ìjókòó ọkọ̀, bí ti gbogbo wọn. Ó fà á yọ, ó yọ irin ìdí rẹ̀, ó di irin náà mọ́wọ́. Ó gun àtẹ̀gùn.

Eldon wà ní tábìlì ilé ìdáná, ó wà láàyè. Fóònù wà níwájú rẹ̀. Ìbọn gígùn kan wà lórí aṣọ tábìlì Lorene, ìyàwó rẹ̀ tó kú.

"Mò ń nù ún ni," Eldon wí.

Kò sí àkísà níbẹ̀, kò sì sí òróró. Verlin gbé irin tirẹ̀ kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fóònù náà.

"Kí lèyí?"

"Tèmi ni. Bá mi tọ́jú ẹ̀."

Eldon rẹ́rìn-ín ẹ̀gbẹ́ ẹnu. "Ṣé kí n wá agolo kọfí tí màá fi nǹkan ọkùnrin ẹ sí?"

"Wá a," Verlin wí. "Mi ò sùn láti ọjọ́ Sunday. Mo ṣẹ̀ ọ́, Eldon. Ẹ̀rù wọn ló ń bà mí, mo bá fi ọ́ ṣeré. Mi ò fẹ́ kí o kú."

Eldon dìde, ó gbé agolo kọfí náà sọ̀kalẹ̀ lórí fíríìjì. Irin méjì ń ró nínú ẹ̀. Ó ju ti Verlin sí i. Ó fa ìbọn náà sún mọ́ra, ó yọ irin kẹta, ó sì pẹ́ kó tó jù ú sínú agolo.

"Ta ló máa gbé e báyìí?" ló béèrè. "Mi ò fẹ́ kó wà níbí. Mi ò sì fẹ́ kó wà lọ́dọ̀ tìẹ náà."

"O ò jẹ̀bi," ni Verlin fèsì.

Eldon wo ojú fèrèsé. Corinne dúró ní àgbàlá láìwọ kóòtù, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá ara mọ́ra. Bàbá rẹ̀ gbé agolo náà mọ́ abíyá, ó sì lọ ṣí ilẹ̀kùn fún un fúnra rẹ̀.